Ojú Mi Là Sílẹ̀ Nígbà Tí Wọ́n Gbé Ọmọ Mi Jáde

Ẹ̀yin ọmọ mi tí dókítà ti sọ fún pé iṣẹ́ abẹ ni ẹ ó fi bímọ, tí wọ́n sì tún wá bi yín pé ṣé ẹ fẹ́ sùn ni àbí ẹ fẹ́ kí ojú yín là, ẹ fa àga mọ́ra kí ẹ gbọ́ tèmi. N kò kánjú, kí ẹ̀yin náà má ṣe kánjú. Mo mọ bí àyà yín ṣe ń já. Mo mọ bí ẹnu ṣe ń pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà, tí ẹni tí kò lóyún rí láyé rẹ̀ náà yóò máa gba aláboyún nímọ̀ràn. Èmi ti gba ibẹ̀ kọjá, mo sì gbé ọmọ lọ́wọ́ dé òdìkejì. Bí mo ṣe ń kọ èyí, ẹ̀rín ló wà lẹ́nu mi.

Oko Ọba, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Agége, ni mo ti ń ta nínú ẹran. Ṣàkì, ẹ̀dọ̀, fùkù, àbọ̀dì, gbogbo ohun tó ń bẹ nínú ikùn màlúù ni ọjà tèmi, láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọge. Ìdájí ni mo ń débẹ̀ kí àwọn alápatà tó la màlúù àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó bá tètè dúró tì wọ́n ló ń rí ẹ̀dọ̀ tó ń dán mú. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀bẹ kì í ṣe àlejò lójú mi. Mo mọ bí awọ ṣe ń dún bí wọ́n bá ń là á. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rò pé ìyẹn yóò mú kí àyà mi le. Irọ́ ni. Ohun tí ojú mi ti rí ló ń dẹ́rù bà mí jù.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, mo ti fi ogójì ọdún sílẹ̀ sẹ́yìn, mo ti ń wo àádọ́ta lọ́ọ̀ọ́kán. Nǹkan oṣù mi dáwọ́ dúró. Mo ní ó dáa, àgbà ti dé, kí n máa sinmi. Kò pẹ́ sí i ni òórùn ẹran bẹ̀rẹ̀ sí í lé mi. Èmi tó jẹ́ pé inú òórùn yẹn ni mo ti ń jẹ ẹ̀kọ àárọ̀, mo wá ń fi ìborùn dí imú bí ẹni tí kò dé ọjà náà rí. Òòyì ń kọ́ mi. Mo ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì, kò gbọ́. Ẹnìkan ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo mu àgbo, ó tún le sí i.

Ìyá Risi tó ń ta pọ̀nmọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló tú àṣírí. Obìnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ láàárọ̀. Ó kàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró, ó ń wo ihò ọrùn mi.

Ó ní, "Yíjú sọ́hùn-ún." Mo yíjú. Ó ní, "Kò síbà kankan ńbẹ̀ yẹn. Ọrùn ẹ ń mí. Oyún ni."

Mo ní kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àgbà obìnrin ni mí.

Ó ní, "Sárà náà rò bẹ́ẹ̀. Lọ tọ̀ sínú ike."

Mo lọ tọ̀ sínú ike, ìlà méjì yọ sí mi lójú kedere. Nígbà tí baálé mi dé láti ibi iṣẹ́, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ògbà, mo na ohun tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò sí wọn. Wọ́n wò ó, wọ́n yí i padà, wọ́n ní, "Ti ọmọ ta nìyí?" Mo ní tèmi ni. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀ títí ọbẹ̀ fi tutù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi mú wọn jókòó sílẹ̀. Mo ti lóyún rí. Ìyàwó tuntun ni mí nígbà náà. Ọmọ náà mú mi títí, kò wá, ìgbà tí wọ́n sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ dókítà, ó ti pẹ́. Wọ́n sáré kùn mí lóorun láti ṣiṣẹ́ abẹ. Mo sùn ní aláboyún, mo jí lọ́wọ́ òfo. Ìyá ọkọ mi ló gba ọmọ náà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn pẹ̀lú àwọn ọkùnrin ilé ni wọ́n sì lọ sin ín, nítorí nílẹ̀ wa, òbí kì í mọ ibi tí wọ́n sin ọmọ sí. Kì í ṣe ìkà, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò rí ojú ọmọ mi. N kò mọ̀ bóyá èmi ló jọ tàbí bàbá rẹ̀. Bí mo bá bi ìyá ọkọ mi, wọn a ní, "Fi sílẹ̀, ìyàwó mi." Láti ìgbà náà, ọmọ kò tún yà lọ́dọ̀ wa mọ́, àfi ìgbà tí Ìyá Risi wo ọrùn mi.

Ṣé ẹ ti wá rí i pé nígbà tí dókítà bi mí léèrè pé ṣé n ó sùn àbí n kò ní sùn, ìbéèrè náà ju ìbéèrè lọ fún mi.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan lápá Ìkẹjà ni mo ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ mọ ìlà ibẹ̀. Bí o bá jí dé, ìwọ yóò bá báàgì àti ìdì aṣọ lórí bẹ́ǹṣì, olúkúlùkù ti fi ẹrù gba ààyè. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọmọdébìnrin kan rọra fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ǹṣì yìí, ti àwọn aláboyún ni. Ẹ lè dúró de ọmọ yín níta." Mo ṣí ìborùn mi, mo fi ikùn hàn án. Ó dọ̀bálẹ̀ tán, ó tún kúnlẹ̀, gbogbo bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Àwọn Aláboyún, wọn kì í sì jẹ́ kí n dúró lórí ẹsẹ̀. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ṣàkì lọ́jà. Àwọn oníbàárà rò pé mo fẹ́ bá wọn dín owó kù.

Nígbà tí oyún dàgbà, wọ́n yà mí ní àwòrán inú, wọ́n rí i pé ńṣe ni ọmọ jókòó sínú mi bí ọba, ìdí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, orí rẹ̀ wà lókè. Wọ́n ní pẹ̀lú ojú àpá àtijọ́ tó wà níkùn mi, kí a má ṣe dúró de ìrọbí, pé ojú àpá náà lè ya. Wọ́n mú ọjọ́ fún iṣẹ́ abẹ. Wọ́n wá ní kí n lọ rí dókítà tó ń fún èèyàn ní oògùn tí kò fi ní mọ ìrora.

Obìnrin ni dókítà náà, ó kéré, ó wọ awò ojú, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní kí n jókòó dáadáa, pé òun náà kò kánjú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ó ní ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, wọ́n á gba ojú iṣan fún mi ní oògùn, n ó sùn fọnfọn, wọ́n á ki rọ́bà sí mi lọ́nà ọ̀fun tí yóò máa bá mi mí, n kò sì ní mọ nǹkankan títí wọ́n á fi parí. Èkejì, wọ́n á fún mi ní abẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀yìn. Láti abẹ́ ọmú dé àtẹ́lẹsẹ̀ á kú tipiri. Ojú mi á là, etí mi á máa gbọ́, wọ́n á ta aṣọ dí mi lójú kí n má rí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Ó ní èèyàn máa ń mọ̀ pé wọ́n ń fa òun, wọ́n ń tì í, ṣùgbọ́n kò ní dùn ún. Bí ó bá dùn ún, kó sọ, wọn kò ní fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní fún ara mi, òun fara mọ́ ti ẹ̀yìn, àmọ́ kò sí ohun tó ní kí n má gba èkíní bó bá jẹ́ òun lọkàn mi fẹ́.

Mo ní, "Dókítà, bí n kò bá sùn, ṣé n ó rí ọmọ náà?"

Ó ní, "Kí wọ́n tó fi aṣọ wé e pàápàá, mà."

Mo fẹ́ ẹ bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ṣe ń fẹ́ omi. Lójú kan náà ni mo rántí ìró awọ lábẹ́ ọ̀bẹ ní Oko Ọba, mo sì bojú wẹ̀yìn. Mo ní kó jẹ́ kí n lọ bá àwọn ará ilé sọ ọ́.

Hẹ̀n-ẹ́n, ilé. Ìyá ọkọ mi wọ ọkọ̀ láti Abúlé Ẹ̀gbá wá sílé wa ní Agége lọ́jọ́ kejì, pẹ̀lú òróró àdúrà àti ìgò omi. Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ìyá ńlá nínú ìjọ aláṣọ funfun wa. Àwọn kan nínú ìjọ ti ń sọ pé kí n má gbà fún ọ̀bẹ rárá, pé n ó bí bí obìnrin Hébérù. Ohun tójú ìyá ọkọ mi rí nígbà oyún àkọ́kọ́ kò jẹ́ kí wọ́n lè gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́. Wọ́n ní, "Abẹ, wọ́n á ṣe é. Ṣùgbọ́n wàá sùn." Wọ́n ní ẹ̀yìn tí wọ́n bá gún, kì í gbé ọmọ pọ̀n mọ́. Wọ́n dárúkọ obìnrin kan tí ẹ̀yìn ń dùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gún un. Baálé mi ń wo ilẹ̀. Wọ́n ti kúrò lọ́mọdé, ṣùgbọ́n bí ìyá wọn bá ti ń sọ̀rọ̀, ọmọdé ni wọ́n.

Mo gbé e dé ọjà. Múfú alápatà, tí kì í rí ọ̀rọ̀ kó má dá sí i, nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ itan, ó ní, "Màmá, bí a bá ní ká la màlúù kí màlúù máa wò wá, ṣé màlúù á dúró?"

Gbogbo ìsọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá Risi kò gbójú sókè. Ó ní, "Múfú, ṣé o gún màlúù tìẹ lábẹ́rẹ́ kóo tó dù ú ni? Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ni wọ́n ń sọ, ìwọ ń sọ ti ìwo."

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ Múfú wọ̀ mí lára. Ohun tí mo ń rò nínú ara mi náà ló fi ṣe àwàdà. Èmi, kí ojú mi là kí wọ́n máa la ikùn mi? Láàárín ìyá ọkọ àti màlúù, okun mi tán. Mo padà lọ bá dókítà, mo ní n ó sùn. Kò bá mi jà. Ó ní ara mi ni, èmi ni mo ni àṣẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ti ń jáde, ńṣe ló dà bí ẹni pé mo ti tún fi ọmọ kan sílẹ̀ sẹ́yìn.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti ṣí etí dáadáa la dé yìí.

Wọ́n gbà mí sí wọ́ọ̀dù ní ọjọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì wá ní ìrọ̀lẹ́, ó ní bí mo bá ti jẹun alẹ́ tán, kí n má fi nǹkankan kan ẹnu mọ́ títí wọ́n á fi wá gbé mi. Ìyá ọkọ mi àti èmi wo ara wa, inú wa dùn. Ààwẹ̀ nìyẹn! Ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe jù láyé nìyẹn. Nínú ìjọ wa, bí ọ̀ràn ńlá bá wà níwájú, a ó gbààwẹ̀ lé e. A kì í sì í fi ààwẹ̀ sílẹ̀ láìtú. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó ka sáàmù, a ó gbé èso síwájú Olúwa, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àgbọn, oyin àti omi àdúrà, a ó sì ṣínu. Ààwẹ̀ tí a kò bá ṣínu rẹ̀, bí ìwé tí a kọ tí a kò fọwọ́ sí ló rí lójú wa.

Nítorí náà, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá ọkọ mi dé pẹ̀lú aṣọ funfun wọn, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, wọ́n ka sáàmù lé mi lórí. Wọ́n bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún mi, mo jẹ ẹ́. Wọ́n fi àgbọn lé mi lọ́wọ́, mo jẹ ẹ́. Mo lá oyin, mo mu omi. Ààwẹ̀ ti gbà. Ó dùn mọ́ mi débi pé mo tún tọrọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan sí i.

Kò pẹ́ tí dókítà aláwò ojú fi wọlé, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ò jẹ nǹkankan, ṣé?"

Mo ní, "Rárá o. A kàn ṣínu ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní kí ni a fi ṣínu. Mo kà á fún un, pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí mo tọrọ ṣìkejì. Ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ìyá ọkọ mi ní, "Dókítà, nọ́ọ̀sì ní kó gbààwẹ̀, ó ti gbà á. Wọn ò sọ pé kó má ṣínu."

Dókítà náà kò bú wa. Ó ní kì í ṣe ààwẹ̀ sí Ọlọ́run ni àwọn ní kí n gbà, ikùn mi ni àwọn fẹ́ kó ṣófo. Ó ní ẹni tó bá sùn oorun oògùn, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ náà sùn. Bí oúnjẹ bá wà níkùn, ó lè gòkè wá kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè gba ẹ̀mí.

Ẹ̀dọ̀fóró! Fùkù ni ó ń wí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló tún kù tí wọ́n ó ṣe àlàyé fùkù fún? Bí wọ́n bá pa màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun yó, a máa ń la fùkù rẹ̀ kí a bá koríko nínú rẹ̀. Koríko tútù, láàárín fùkù. Kò sí oníbàárà tó ń rà á, a ó dà á nù ni. Mo ti da irú rẹ̀ nù láìmọye. Òye rẹ̀ yé mi kí ó tó pa ẹnu dé.

Ó ní kò burú, àwọn á sún iṣẹ́ abẹ náà síwájú títí di ìrọ̀lẹ́ kí ikùn mi lè rọlẹ̀, a ó sì ṣe é bí mo ṣe fẹ́. Ó jáde. Ìyá ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run, lọ́wọ́ mi, àti lọ́wọ́ ọmọ inú mi. Mo ní kí wọ́n jókòó. Bí mo ṣe ní kí n gbé ara nílẹ̀ kí n lọ tọ̀, mo gbọ́ nǹkan tó já nínú mi pọ́, omi dà sí mi lẹ́sẹ̀, ó gbóná. Omi ọmọ ti ya. Kí n tó padà dé orí bẹ́ẹ̀dì, ìrọbí ti mú mi, kì í sì í ṣe ìrọbí tó fẹ́ ṣeré.

Nọ́ọ̀sì sáré pe dókítà. Wọ́n ní ojú àpá mi kò lè dúró de ìrọ̀lẹ́ mọ́, kí wọ́n máa gbé mi lọ. Dókítà aláwò ojú bẹ̀rẹ̀ mọ́ mi, ó ní, "Mà, ìpinnu ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bó bá di dandan kí ẹ sùn, mo mọ bí mo ṣe lè ṣọ́ ọ̀nà ọ̀fun yín, màá sì ṣe é tọkàntọkàn. Àmọ́ ti ẹ̀yìn ló fọkàn mi balẹ̀ jù báyìí."

Ìyá ọkọ mi di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Wọ́n ní kí n sùn, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí n sùn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi kúkú yan oorun fún mi tó báyìí. N kò pariwo. Ìrora ti gba gbogbo ariwo tí mo ní.

Wọ́n ní, "Èmi ni mo gbé ti àkọ́kọ́, ìyàwó mi. Ojú ẹ̀ ò kúrò lójú mi dòní. Mi ò fẹ́ kí ìwọ náà rí irú ẹ̀. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, kí n ṣáà tún dá nìkan rù ú."

Láti ọdún gbọọrọ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa sọ ọ́. Mo ti ń rò pé wọ́n ń fi ojú ọmọ mi pamọ́ fún mi. N kò mọ̀ pé ńṣe ni wọ́n ń bá mi gbé e.

Mo di ọwọ́ wọn mú. Mo ní, "Màámi, ẹ ti bá mi rí ti ìṣáájú. Ẹ jẹ́ kí n fojú ara mi rí eléyìí, bó ti wù kó rí." Mo yíjú sí dókítà, mo ní kó gún mi ní ẹ̀yìn.

Baálé mi, tí wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn láti àárọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síbẹ̀, ní, "Ohun tí ìyàwó mi wí ni kí ẹ ṣe." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ níwájú ìyá wọn nìyẹn, mo fẹ́ràn wọn bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n.

Yàrá iṣẹ́ abẹ tutù bí yìnyín. Wọ́n ní kí n jókòó, kí n tẹ orí ba, kí n ṣẹ́ ẹ̀yìn kọdọrọ bí ológbò tí inú ń bí. Nọ́ọ̀sì kan dì mọ́ mi níwájú. Wọ́n fi nǹkan tútù nu ẹ̀yìn mi, abẹ́rẹ́ kékeré kan ta mí bí ìgbà tí tanpẹ́pẹ́ bá tani, lẹ́yìn náà mo mọ̀ pé wọ́n ń tẹ̀ mí lẹ́yìn, ó parí. Mo ń dúró de ìrora ńlá náà. Mo ní, "Ìgbà wo lẹ máa gún un?" Wọ́n ní wọ́n ti gún un tán.

Ooru dùndùn kan gba ìdí mi lọ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ wúwo, ó sì dẹ́kun àtijẹ́ tèmi. Ìrọbí náà lọ. Ẹ̀yin ọmọ mi, ìrọbí tó ti fẹ́ fà mí ya, ó lọ bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò! Dókítà fi nǹkan tútù kàn mí níkùn, ó ní ṣé mo mọ̀ ọ́n. Mo ní mo mọ̀ pé ó fọwọ́ kàn mí, n kò mọ òtútù. Ó ní ó dáa. Wọ́n ta aṣọ dí mi lójú.

Kò pẹ́ tí èébì fi dé, nítorí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi wálẹ̀. Mo ní, "Dókítà, mo fẹ́ bì." Ó yí orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá, ó gbé abọ́ sí mi lẹ́nu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbọn ìṣínu jáde sínú rẹ̀. Mo wò ó nínú abọ́, mo wo ojú dókítà, òun náà wo ojú mi. Àwa méjèèjì mọ ibi tí ìbá gbà ká ní mo ti sùn. Ó fi oògùn kan sínú omi tó ń wọ ọwọ́ mi, ara mi padà bọ̀ sípò.

Mo ń dúró de ìró awọ. Ohun tí mo gbọ́ ni àwọn oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń jiyàn lórí ibi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì Agége tó dára jù. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?" Dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mà, wọ́n ti fẹ́ gbé e jáde." Ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan ń wá nǹkan nínú àpò aṣọ mi, ó ń tú u, ó ń tì í. Kò dùn mí. Wọ́n tẹ̀ mí láyà, ohun wúwo kan yọ kúrò lára mi.

Ó dákẹ́. Yàrá náà dákẹ́. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ìwọ lo ní o fẹ́ rí i. Mo la ojú mi sílẹ̀ kedere. N kò ṣẹ́jú.

Ó sín. Ọmọ tí kò tíì sunkún, ó sín, hàtíṣì, bí ẹni tó wọ ìsọ̀ aláta. Lẹ́yìn náà ló figbe ta, igbe tó jẹ́ pé bí wọ́n ń pa màlúù lọ́wọ́ wọ́n á dúró gbọ́ ọ. Wọ́n gbé e gba òkè aṣọ náà wá sọ́dọ̀ mi kí wọ́n tó wé e, gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Obìnrin ni. Ó tutù, ó pupa, ó ń tapá, ó bínú sí gbogbo wa. Wọ́n gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó sì dákẹ́. Mo wò ó, mo wò ó. Mo sọ fún dókítà pé, "Mo rí i." Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà, ẹ rí i."

Nígbà tí wọ́n gbé wa padà sí wọ́ọ̀dù, ìyá ọkọ mi gba ọmọ lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n tú aṣọ ojú rẹ̀ wò. Wọ́n ní, "Imú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rèé. Imú ìwọ gan-an rèé." Bí mo ṣe gbọ́ nìyẹn pé èmi ni àkọ́bí mi jọ. Omi bọ́ lójú mi, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu mi, n kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀.

Kí n má tan yín, kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ dùn bí oyin. Ara mi gbọ̀n rìrì fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ó sì ń yún mi. Ẹsẹ̀ mi pẹ́ kí ó tó mọ̀ pé èmi ni mo ni òun. Nígbà tí oògùn lọ tán, ojú ọgbẹ́ dùn mí wọra, mo ní kí wọ́n fún mi ní oògùn, wọ́n fún mi. Orí fọ́ mi lọ́jọ́ kejì bí mo bá dìde jókòó. Mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ kí n sì máa mu omi dáadáa, ó lọ. Bí tiyín kò bá lọ, ẹ sọ, ẹ má fi oògùn kẹ́míìsì bò ó mọ́lẹ̀. Owó tí a ná kò kéré, baálé mi fi ìsinmi wọn ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́ kí a tó bọ́ nínú rẹ̀.

N kò sì sọ pé oorun burú. Àwọn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn tàbí ẹ̀yìn wọn kò gba abẹ́rẹ́ náà, àwọn kan wà tí kò sí àyè láti dúró gún un. Bó bá jẹ́ oorun ni dókítà yín yàn, ẹ sùn, ẹ ó jí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ béèrè, kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe àlàyé títí yóò fi yé yín, kí ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù ẹlòmíràn yàn fún yín. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ má jẹun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin èèyàn mi nínú aṣọ funfun, ìyẹn kì í ṣe ààwẹ̀, kò ní ìṣínu. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì jẹ ohunkóhun, ẹ sọ ọ́. Àsọjù kan kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀yìn mi ńkọ́? Ẹ̀yìn tí wọ́n ní kò ní gbé ọmọ pọ̀n mọ́ ni mo fi pọ̀n ọ́n lọ sí Oko Ọba títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́ máa wọ́lẹ̀. Mo ṣì ń gbé agbada ṣàkì sórí fúnra mi. Ìfúnpá mi ni mò ń ṣọ́ báyìí nítorí ọjọ́ orí, mo sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Ìyá ọkọ mi ṣì wà láyé, wọ́n ń gbó, wọ́n ń tọ́.

Ọmọ náà ti wà nílé ìwé báyìí, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọ tí òun àti ọmọ ilé kejì ń jiyàn lágbàlá wa. Ó ń sọ bí wọ́n ṣe bí òun: òun jókòó sínú ikùn bí ọba, òun kọ́kọ́ sín, òun pariwo, òun pupa bí tòmátì, wọ́n sì gbé òun sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́mì òun. Ọmọ kejì ní irọ́ ni, pé kò sí ẹni tó lè rántí ọjọ́ tí wọ́n bí i.

Ó ní, "Èmi ò rántí. Mọ́mì mi ló sọ fún mi. Àwọn náà wà ńbẹ̀."